Oúnjẹ Kíkan ní Ìjọra Badia

Ní Ìjọra Ọlọ́pàá, yìnyín ló ń tọ́jú ẹja. Láti ìdájí ni àwọn alájàpá ti ń dúró de páálí ẹja òkú Èkó lẹ́nu ilé yìnyín, kí wọ́n lè gbé e dé ọjà kí oòrùn tó mú. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin wọ Badia, oúnjẹ tí ẹ ó bá pàdé kò mọ yìnyín rí. Ògì wà nínú ike onídèérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹ̀gẹ́ wà nínú dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé, ó ń rọ̀ nínú omi. Gàrí kíkan wà nínú àpò níwájú alátẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dúró de iná mànàmáná kó tó lè di ọ̀la. Kíkan ló ń ṣọ́ wọn, pẹ̀lú gbígbẹ ní ti gàrí.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí kíkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí a ṣe ń ṣe é nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní Èkó lónìí kò mọ ògì ju èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lọ, wọ́n sì rò pé kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀ ju kí a rẹ àgbàdo, kí a sì lọ̀ ọ́. Ọgbọ́n pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú omi: irú omi tí a lò, ìgbà tí a pààrọ̀ rẹ̀, àti ìgbà tí a fi í sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí mo fi mú Badia, nítorí omi gan-an ni ìṣòro àdúgbò náà, síbẹ̀ àwọn obìnrin ibẹ̀ ń sẹ́ ògì, wọ́n ń ṣe fùfú, wọ́n sì ń bọ́ ọmọ.

Badia wà ní Àpápá, kò jìnnà sí Amúkòkò àti Ajégúnlẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà ni. Lọ́dún 1973, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ National Theatre sí Igànmú, wọ́n lé àwọn ará abúlé Olúwọlé kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì darí sí Badia. Àwọn mìíràn wá bá wọn níbẹ̀: Ìlàjẹ, Ègùn, Ìjọ̀, Ìgbò, àwọn Yorùbá láti òkè. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2013, katakata wọ apá tí wọ́n ń pè ní Badia East, ó wó ilé lulẹ̀. Àjọ Amnesty International ṣírò pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn sún mọ́ 9,000 ènìyàn. Ìtàn yìí wà nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ, nítorí ó ṣòro kí ẹni tí kò mọ ibi tí òun yóò sùn lóṣù tó ń bọ̀ fi owó ra ẹ̀rọ amómitutù. Ike méjì, aṣọ asẹ́ àti àgbàdo díẹ̀ lágbára rẹ̀ lè ká. Ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì sí katakata tó lè wó o.

Kíkan kì í ṣe ìbàjẹ́ tó ń yọ́ bọ̀, bí àwọn kan ṣe rò. Lára àgbàdo gbígbẹ, lára ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, lára ike àti lọ́wọ́ wa pàápàá, oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí ló wà. Bí omi bá ti bo àgbàdo, gbogbo wọn ló jí. Ní ọjọ́ kìíní, gbogbo wọn jọ ń jẹ ṣúgà tó wà lára rẹ̀ ni, rere àti búburú. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ṣe ásíìdì yóò gba iwájú. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ni ásíìdì ń jáde lára wọn sínú omi, omi á bẹ̀rẹ̀ sí kan, àwọn tí kò lè gbé inú omi kíkan á sì kú, tàbí kí wọ́n má lè bí sí i mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru wà lára àwọn tí kíkan ń ṣẹ́gun báyìí.

Àwọn onímọ̀ tiwa ti wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní Oṣòdì ni FIIRO wà, ilé ìwádìí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Ibẹ̀ ni I. A. Akinrele ti ṣe ìwádìí lórí ògì, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1970. Ó rí i pé Lactobacillus plantarum ni olórí àwọn tó ń ṣe ásíìdì inú ògì, àti pé ìwúkàrà wà níbẹ̀ pẹ̀lú tó ń dá kún òórùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé wọn wá láti ibì kankan. Ara àgbàdo ni wọ́n ti wá. Àwọn onímọ̀ ń fi ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH wọn kíkan. Omi lásán wà ní 7. Bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i ni nọ́ńbà náà ń wálẹ̀. Ògì tó kan dáadáa máa ń wà ní nǹkan bí 4 tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ààlà tí àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ń lò káàkiri ayé ni 4.6, nítorí kòkòrò tó ń ṣe májèlé botulism, èyí tí kò ní òórùn, tó sì ń pa èèyàn, kò lè hù nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ sì sọ pé ìwádìí tọ́ka sí omi òfìo kan tí wọ́n ń tà nínú ike láìgba àṣẹ. Omi òfìo dùn, kì í kan. Bí omi tí wọ́n fi ṣe é bá ti ní àrùn nínú, kò sí ohun tí yóò dí àrùn náà lọ́nà títí yóò fi dé ẹnu ẹni tó mu ún. Ẹ má torí èyí sọ pé oúnjẹ kíkan lè fọ omi ìdọ̀tí mọ́. Kò lè fọ̀ ọ́. Kíkan gba ọjọ́ kan sí méjì kó tó lágbára, ìwọ̀nba ìdọ̀tí ló sì lè bá jà.

Ó yá, ògì. Ẹ ra àgbàdo gbígbẹ, funfun tàbí pupa. Àwọn mìíràn a máa da ọkà bàbà mọ́ ọn, adùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ dà á sórí atẹ, ẹ ṣà á. Èyí tó bá ti bu, tó ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú nídìí, ẹ jù ú nù láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí májèlé tó wà nínú àgbàdo tó bu kì í ṣe ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé kíkan tàbí iná láti pa. Ẹ má fi fún ewúrẹ́ tàbí adìẹ pàápàá. Lẹ́yìn náà ẹ ṣan ìyókù títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ wá rẹ ẹ́ sínú omi tó bò ó dáadáa, nítorí yóò wú.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló máa lò nínú omi. Bí ooru bá mú, ọjọ́ méjì a tó. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ jẹ́ kó di mẹ́ta. Àwọn ìyá kan a máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́, àwọn mìíràn kì í fọwọ́ kàn án rárá, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdí tirẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, kí ìdọ̀tí tó rọ̀ kúrò lára àgbàdo bá a lọ, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ń da omi náà nù lójoojúmọ́, kòkòrò tó ń ṣe ásíìdì lẹ ń dà nù pẹ̀lú rẹ̀, ògì yín á sì pẹ́ kó tó kan. Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn àgbà ń gbà: wọ́n á bu omi kíkan díẹ̀ láti orí ògì àná sínú èyí tuntun, kíkan rẹ̀ á sì tètè dé. Nígbà tó bá tó, ìfófòó kéékèèké á wà lójú omi, òórùn rẹ̀ á kan díẹ̀, bí ẹ bá sì fi èékánná tẹ wóró kan, á wọlé.

Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ ló kàn. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ògì ti ń bàjẹ́, àwọn ènìyàn kì í sì í mọ̀. Ẹ̀rọ kan náà tó lọ ata, tó lọ ẹ̀wà, ni yóò lọ àgbàdo yín. Ẹ má tijú láti ní kí ẹlẹ́rọ da omi sí i kó fọ̀ ọ́ jáde ná. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù kí àwọn aláta tó dé. Ẹlẹ́rọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí yín.

Lẹ́yìn tí a bá lọ̀ ọ́ tán, a ó sẹ́ ẹ. Ẹ ta aṣọ asẹ́ mọ́ ẹnu ike ńlá, ẹ bu ògì sí i, ẹ máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ rò ó. Ògì á bọ́ sísàlẹ̀, èérí á ṣẹ́kù lórí aṣọ. Àwọn tó ní ewúrẹ́ kì í da èérí nù. Bí ẹ bá sẹ́ ẹ tán, ẹ bò ó, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú kó silẹ̀. Omi tó tòrò sí òkè ni omikan. Ẹ rọra dà á kúrò, àwọn alágbo a sì máa fẹ́ ẹ, nítorí òun ni wọ́n ń fi rẹ egbò àti ewé. Ògì tó silẹ̀ yóò tún lo ọjọ́ kan sí méjì kó tó kan bó ṣe yẹ. Èyí ni kíkan kejì, òun ló sì ń ya ògì gidi sọ́tọ̀ kúrò lára àgbàdo lílọ̀ lásán.

Ẹ ti rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí omi ni mo ń dárúkọ: omi ìṣàn, omi ìrẹ, omi ẹlẹ́rọ, omi ìsẹ́, omi orí ògì. Àgbàdo kóńgò méjì lè jẹ kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 tán pátápátá. Ní Badia, owó ni wọ́n fi ń ra kẹ́ẹ̀gì yẹn lọ́wọ́ mẹ́rúwà tó ń ti ọmọlàńkẹ́. Kànga ibẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán, nítorí ilẹ̀ àbàtà ni, omi kò jìn sílẹ̀, ṣáláńgá kì í sì í jìnnà sí kànga. Nítorí náà ìyá tó ń sẹ́ ògì níbẹ̀ ń ṣírò. Omi tó bá ná an lówó jù ló ń fi sẹ́ ẹ, nítorí òun ló ń wọ inú oúnjẹ. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó ló ń fi fọ ike lákọ̀ọ́kọ́. Ìmọ̀ràn tí mo lè fi kún un ni pé kí a se omi ìsẹ́ títí yóò fi hó, kí a fi í sílẹ̀ kó tutù pátápátá kí a tó lò ó. Bó bá gbóná, ògì á di. Mo mọ̀ pé kẹrosíìnì àti gáàsì náà lówó lórí. Síbẹ̀, bí ọmọ ọwọ́ bá wà nínú ilé, ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀.

Omi ẹ̀rọ tó mọ́, tó ń dé ojúlé, ni ohun tí ó yẹ kí ìjọba ti fún Badia tipẹ́tipẹ́. Kò sí ọgbọ́n orí tí ìyá kan lè dá tó máa rọ́pò rẹ̀, kò sì yẹ kí a máa yìn wọ́n pé wọ́n ń gbìyànjú kí a sì gbàgbé gbèsè náà.

Bí ògì bá ti kan tán, ó ṣeé tọ́jú. Ẹ jẹ́ kí omi bò ó, ẹ máa da omi òkè yẹn nù lójoojúmọ́ kí ẹ sì fi omi mímọ́ tuntun rọ́pò rẹ̀. Báyìí ó lè wà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí fìríìjì, kíkan rẹ̀ á kàn máa le sí i ni. Ṣíbí gbígbẹ tó mọ́ ni kí ẹ fi bù ú, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ fi ojú àti imú ṣọ́ ọ. Kíkan tó dára ń ta imú lọ́nà tó mọ́. Bí òórùn rẹ̀ bá ti di ti ẹyin tó rà, bí ó bá ń fà bí ikun, tàbí tí àwọ̀ pupa, ewé tàbí dúdú bá yọ lójú rẹ̀, ẹ dà á nù. Ẹ má fi ṣíbí họ òkè rẹ̀ kí ẹ lo ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mu ún, omi tó ń hó yaya ni kí ẹ dà sí i, kó sì padà sórí iná kó jiná, pàápàá fún ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló kan mí lára jù nínú gbogbo èyí. Ògì a máa mú ara ọmọ balẹ̀, kì í sì í ṣòro fún un láti gbé mì, ṣùgbọ́n ìsẹ́ ń yọ púpọ̀ nínú èròjà tó ń kọ́ ara kúrò, ó sì ń bá èérí lọ. Ní ọdún 1933, dókítà kan, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana báyìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí oúnjẹ wọn kì í ju àgbàdo lọ: ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, awọ wọn bó. Orúkọ tí àwọn ẹ̀yà Ga níbẹ̀ ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, ni gbogbo ayé ń lò títí dòní. FIIRO tìtorí èyí ṣe ògì tí wọ́n da sóyà mọ́. Nínú ilé, ẹ lè lọ sóyà tàbí ẹ̀wà mọ́ àgbàdo, tàbí kí ẹ da edé lílọ̀, ẹyin tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sí ẹ̀kọ náà lórí iná. Àwọn onímọ̀ kan ní Èkó tún gbìyànjú ohun mìíràn: ní ọdún 1994, D. K. Olukoya àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ògì tí wọ́n pè ní DogiK. Wọ́n ṣa irú kòkòrò àìfojúrí tó le sí àwọn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n fi mú ògì náà kan, èrò wọn sì ni pé ó lè ran ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ lọ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi pé ohun tí ìyá mi ń ṣe nínú ike ni wọ́n gbé wọ ilé ìwádìí, tí wọ́n sì kà á sí.

Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ le ju àgbàdo lọ, nítorí májèlé wà lára rẹ̀ láti inú ilẹ̀. Sáyánáìdì ni, ó so mọ́ ṣúgà nínú ara ẹ̀gẹ́. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti ń rọ̀ nínú omi, ohun kan tó wà lára ẹ̀gẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń tú ìdè yẹn. Sáyánáìdì á wá bá omi lọ, á bá afẹ́fẹ́ lọ, ìyókù á bá iná lọ. Ọjọ́ mẹ́ta nínú omi lè mú ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ kúrò. Ìdí nìyí tí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú kì í ṣe àṣà lásán.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá dín ọjọ́ náà kù ti hàn. Ní ọdún 1981, ní ìpínlẹ̀ Nampula ní Mozambique, ọ̀dá mú, ebi ń pa ènìyàn, wọn kò lè dúró kí ẹ̀gẹ́ kíkorò wọn rọ̀ tán. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn rọ lójijì, tí wọn kò sì lè rìn bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, lé ní 1,000, obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Nítòsí wa níbí, ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí nípa àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè Ìjẹ̀bú kan tí ẹsẹ̀ wọn ń gọ̀, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí etí wọn ń di. Ó so àìsàn náà mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ nígbà tí ẹran àti ẹja kò tó nínú oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹja wà nínú ọbẹ̀ tí ẹ ó fi jẹ fùfú. Ìdí tó fi yẹ bẹ́ẹ̀ ju adùn lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ bó ẹ̀gẹ́ tí a fà tu kò pé ọjọ́ méjì, ẹ gé e, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi nínú ike tàbí dírọ́ọ̀mù tí kò gbé kẹ́míkà rí. Mo tẹnu mọ́ ìyẹn, nítorí ní agbègbè Àpápá, dírọ́ọ̀mù tó ti gbé epo ọkọ̀ tàbí ọ̀dà rí kò ṣòro láti rí rà, ó sì máa ń pọ́kú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti fọ́ láìsí wàhálà, ẹ kó o jáde, ẹ yọ okùn inú rẹ̀, ẹ fi omi sẹ́ ẹ nínú asẹ́, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ wá rọ ọ́ sínú àpò kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ. Òórùn rẹ̀ ń da ọ̀pọ̀ ilé rú níbi tí yàrá kọjú síra; bí a bá pààrọ̀ omi ìsẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òórùn náà á dínkù. Àwọn kan tó ń ṣe é tà a máa da ọṣẹ ìfọṣọ sínú omi kí ẹ̀gẹ́ lè tètè rọ̀. Èmi ò lè fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ sọ èyí: ìwà ibi ni. Ẹ̀gẹ́ á rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó yẹ kí májèlé fi jáde kò pé, ọṣẹ sì ti wọ inú oúnjẹ. Fùfú tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ tó sì ń hó nígbà tí a fi omi fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà.

Àwọn Ìlàjẹ tó wà ní Badia mọ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ Yorùbá òkè kò mọ̀. Ní ilé wọn ní etíkun Oǹdó, àti lọ́dọ̀ àwọn Ìkálẹ̀ tó múlé tì wọ́n, omi pọ̀, ilẹ̀ gbígbẹ kò tó, òjò kì í jẹ́ kí wọ́n rí àyè sá oúnjẹ sóòrùn. Nítorí náà wọ́n fi èéfín rọ́pò oòrùn. Púpurú bẹ̀rẹ̀ bíi fùfú: ẹ̀gẹ́ á rọ̀, á kan, wọ́n á yọ okùn rẹ̀, wọ́n á fi àpò fún omi rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọwọ́ mọ ọ́n roboto, wọ́n á tò ó sórí àjà lókè iná igi, bí wọ́n ṣe ń to ẹja. Èéfín á mú un fún ọjọ́ díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú, tó sì le. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á ha dúdú yẹn kúrò, wọ́n á gún inú rẹ̀ tó funfun, wọ́n á kù ú, wọ́n á rò ó nínú omi gbígbóná. Ásíìdì ṣọ́ ọ láti inú, èéfín àti gbígbẹ ṣọ́ ọ láti òde. Ó lè pẹ́ gan-an nílẹ̀. Nínú yàrá kan ṣoṣo ní Èkó kò sí àyè àjà, nítorí náà ará ilé ló sábà ń fi ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá tọ́ ọ wò rí ní ọbẹ̀ ẹja tútù láti wá.

Irú kò sí lára oúnjẹ kíkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń gba ọjọ́ díẹ̀ nínú igbá lábẹ́ aṣọ. Kòkòrò mìíràn, Bacillus subtilis, ló ń ṣe é, ó sì ń gba ọ̀nà òdìkejì kíkan lọ. Nítorí pé kíkan kò ṣọ́ ọ, iyọ̀ àti gbígbẹ ló ń pa á mọ́. Sísè rẹ̀ gba igi tó pọ̀ jù fún ilé kékeré, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ní Badia máa se irúgbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú ni ata oníyọ̀. Nígbà tí ata bá pọ̀ ní Mile 12 tàbí ní ọjà Boundary, àwọn ènìyàn ń rà á, ó ń rà mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ará Jámánì ń fi iyọ̀ tọ́jú kábéèjì, àwọn ará Kòríà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ata rodo ń gbà á dáadáa. Ẹ fọ ata, ẹ yọ ìdí rẹ̀, ẹ là á sí méjì, ẹ kó o sínú ìgò tó mọ́. Ẹ po iyọ̀ ṣíbí tíì mẹ́fà tó dọ́gba mọ́ omi lítà kan tó ti hó tó sì ti tutù, ẹ dà á sí i kó bo ata pátápátá. Ata tó bá léfòó ló ń bu. Ẹ fi ohun wúwo tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má dé ìgò náà pa, nítorí afẹ́fẹ́ á máa jáde. Nínú ooru Èkó, láàárín ọ̀sẹ̀ kan omi rẹ̀ á ti pọ́n, á ti rú díẹ̀, á sì ti kan. Ẹ lè wá dé e. Ẹ má ṣe dín iyọ̀ náà kù. Ẹ má sì ṣe da òróró bo ata tútù tàbí áyù láìsí kíkan kankan nínú rẹ̀ kí ẹ gbé e sílẹ̀ nínú ooru, nítorí abẹ́ òróró, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ni botulism ti ń rí ààyè.

Ó ku ọ̀rọ̀ òjò. Láti oṣù Karùn-ún, àgbàrá a máa wọ ilé ní Badia, omi gọ́tà á sì bá a wọlé. Ẹ gbé ike ògì àti ti ẹ̀gẹ́ kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú ọ̀run tó ṣú, sórí tábìlì tàbí sórí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta. Bí àgbàrá bá kan ike tí kò ní ìdérí tó fún, ẹ má wò ó pé ògì náà ti silẹ̀ tó sì tún funfun. Ẹ dà á nù, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ike náà, ẹ se aṣọ asẹ́ nínú omi tó ń hó, kí ẹ tó rẹ àgbàdo mìíràn.